Ìyá Ìyàwó Kì í Ṣe Àpò Yanrìn

Panápaná ni ọmọ mi ní òun fẹ́ fẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe lọ́yà, kì í tilẹ̀ ṣe tíṣà tí ebi ń pa. Panápaná! Ẹ̀bùnlọlá tèmi yìí, tó ń tẹ tàpúráítà ní ọ́fíìsì ìjọba láìwo ọwọ́ ara ẹ̀, ló jókòó síwájú mi nínú fúláàtì wa tuntun ní Fẹ́sítáàkì, tó ní, "Màmá, Káyọ̀dé Fáṣínà lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Alákijà ni. Ó ń kọ́ṣẹ́ panápaná."

Mo ní, "Iṣẹ́ kí ni?"

"Panápaná, mà."

"Àwọn tó jẹ́ pé ìgbà tí iná bá ti jẹun tán, tó ti fọwọ́, tó ń tayín, ni wọ́n máa ń dé, tí wọ́n á wá máa béèrè pé ibo lomi wà?"

Bàbá ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín níbi tó ti ń ka ìwé ìròyìn. Ọkọ mi nìyẹn, Ọlábánjí Ògúndípẹ̀. Akọ̀wé ni lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ohun tó bá sì ti ní òǹtẹ̀ lára, ohun rere ni lójú ẹ̀. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ìwé olóǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló bá wa rí ilé. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò tí wọ́n kọ́ Fẹ́sítáàkì dè ti jó tán, tí kálukú ti padà sí orílẹ̀-èdè ẹ̀, ìjọba ní kí àwọn èèyàn wá fa tíkẹ́ẹ̀tì lórí àwọn ilé náà, orúkọ ọkọ mi sì jáde. Bí a ṣe fi yàrá kan ṣoṣo sílẹ̀ ní Múṣin nìyẹn, tí a gun òkè kẹta, omi nínú ilé, barandà níwájú, barandà lẹ́yìn. Tí mo bá dúró síbẹ̀ láàárọ̀ tí mo wo ìsàlẹ̀, mo máa ń rò pé èmi ni mo ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ti ibẹ̀ yẹn wo ayé kò ní fẹ́ kí ọmọ òun lọ fẹ́ ẹni tó ń wọ́ rọ́bà omi kiri.

Mo sì ti ní ẹni tí mo fẹ́ fún un tẹ́lẹ̀. Ọbáfẹ́mi, ọmọ díákónì ìjọ wa. Báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ní mọ́tò Ìjàpá kan tó máa ń fọ̀ ju ara ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé orí ẹ̀ ti ń pá. Òótọ́ ni pé tó bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, èèyàn lè sùn kó jí kó tún bá a lẹ́nu ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi irun orí se ọbẹ̀?

Ẹ̀bùn wò mí, ó ní, "Màmá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ."

Mo ju sálúbàtà lù ú. Kò bà á, ara ọmọ náà ti mọ́ sálúbàtà.

Nígbà tí Káyọ̀dé fúnra ẹ̀ wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì mi, mo fi imú dá a lóhùn. Ọmọkùnrin gíga, èjìká ẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Mo bi í pé tí iná bá jó o pa ńkọ́. Ó ní, "Àdúrà yín ò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, mà." Ẹ gbọ́ o! Àdúrà tí mi ò tí ì gbà fún un ló ti ń ná.

Ẹ̀rù ló ń bà mí, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa dìde nídìí oúnjẹ nígbàkígbà tó bá gbọ́ agogo mọ́tò pupa. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mú àjókù aṣọ wá sọ fún un pé ọkọ ẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo máa sọ ẹ̀rù mi jáde lójú ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní kò kàwé tó.

Ọkọ mi ló wá parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Káyọ̀dé, lọ gba sátífíkéètì ẹ ná. Tó o bá gbà á, kó àwọn èèyàn ẹ wá tọrọ ọmọ. Tó o bá féèlì, má wá mọ́." Káyọ̀dé ní òun gbà. Ẹ̀bùn ní òun gbà. Èmi náà gbà kíákíá, mo tiẹ̀ ṣe àmín sí i, nítorí mo ti gbọ́ ìròyìn ọ̀gá tó ń kọ́ wọn pé agbára káká lèèyàn fi ń yege lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ọ̀gá Ògúnjìnmí lorúkọ ẹ̀. Ó ti lọ ṣe kọ́ọ̀sì iná ní Ìlú Ọba rí, láti ìgbà tó sì ti dé, kò jẹ́ ká sinmi. "Nígbà tí mo wà ní Ìlú Ọba" ni àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òun náà ni oore-ọ̀fẹ́ ìparí. Fèrè kan wà lọ́rùn ẹ̀ tó máa ń fọn kí àkùkọ tó kọ. Pápá ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù wa ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, búlọ́ọ̀kù òdìkejì tí wọn ò tí ì fún ẹnì kankan ni wọ́n sì fi ṣe ilé tó ń jóná. Àwa tá a wà lókè á gbé àga sí barandà, a ó máa wòran. Sẹ̀kínátù, aládùúgbò mi tó wà nísàlẹ̀ wa, kì í gbé ìkòkò kaná títí wọ́n á fi ṣe tán.

Wọ́n á tú rọ́bà omi, wọ́n á ká a. Ọ̀gá á ní wọn ò ká a dáadáa, wọ́n á tún tú u. Wọ́n á sáré gun àkàbà, wọ́n á sáré sọ̀ kalẹ̀, láìsí ohun tí wọ́n lọ mú lókè. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn ún wò jù ni ti Alàgbà. Alàgbà ni orúkọ tí àwọn ọmọ náà sọ àpò yanrìn kan tí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò fún. Wọ́n á tẹ́ Alàgbà sí yàrá ẹ̀yìn ní òkè kẹta, wọ́n á dá èéfín, wọ́n á ní kí ọmọ kan wọlé lọ gbà á là. Bí wọ́n ṣe ń gbé e nìyí: wọ́n á dà á dé èjìká kan, orí ẹ̀ á máa fì lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa fì níwájú, ìdí ẹ̀ á wá kọjú sójú ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe gbé e sọ̀ kalẹ̀ dé pápá.

Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nígbà tí mo rí bí Káyọ̀dé ṣe ń ṣe é. Àwọn yòókù á gbé Alàgbà dé àárín àtẹ̀gùn, wọ́n á jókòó tì í. Káyọ̀dé á wọlé, á jáde, bíi pé ìrọ̀rí ló gbé dání. Sẹ̀kínátù á kígbe láti ìsàlẹ̀ pé, "Ìyá Ẹ̀bùn, àna yín ń ṣe bẹbẹ o!" Màá wọlé, màá pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, Ọ̀gá Ògúnjìnmí pe àwa ará ilé jọ. Ó ní nígbà tí òun wà ní Ìlú Ọba, èèyàn gidi ni wọ́n fi ń dánwò, torí àpò yanrìn kì í húkọ́, kì í ta gìrì, kì í di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ní òun ò fẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa gbé ara wọn, torí wọ́n á máa ran ara wọn lọ́wọ́ lábẹ́lẹ̀. Ó ní ta ló máa yọ̀ǹda ara ẹ̀ nínú wa. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ nawọ́. Èmi náà nawọ́.

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ yìí le."

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ọkùnrin nìkan ni iná máa ń jó ní Ìlú Ọba ni?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, ó bá gbà. Mo ní ìkẹyìn ni mo fẹ́ ṣe, pé mo ní ọbẹ̀ tí mò ń sè lọ́jọ́ náà. Irọ́ ni, mi ò ní ọbẹ̀ kankan. Ẹ̀bùn ló ti jẹ́ kí n mọ̀ pé Káyọ̀dé ló máa kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ n là á fún yín, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ọpọlọ wà lágbárí mi. Ọmọ Yorùbá wo, tí wọ́n kọ́ nílé tó gbẹ̀kọ́, ló máa da ìyá ìyàwó ẹ̀ dé èjìká, orí nísàlẹ̀, ìdí lókè, lójú gbogbo Fẹ́sítáàkì? Ẹni tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ kó tó là á fún mi pé ebi ń pa òun? Tó bá gbé mi bẹ́ẹ̀, ó ti fi mí wọ́lẹ̀, kò sì sí àgbà tó máa bá a bẹ̀ mí. Tí kò bá gbé mi, ó féèlì. Ọ̀nà méjèèjì ni mo ti dẹ pańpẹ́ sí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìyá tí kò bá lè jà fún ọmọ ẹ̀, kí ló ń fi ẹnu ṣe?

Àárọ̀ ọjọ́ náà, mo wọ ìró àti bùbá àǹkárá tuntun, mo wé gèlè tó bá a mu. Ẹ̀bùn ní, "Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

Mo ní, "Mo ń lọ kú nínú iná ní búlọ́ọ̀kù òdìkejì."

Ó dúró, ó ń wò mí. Mo rí i pé ó ti yé e, torí ọmọ tí mo bí ni. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá.

Èrò ti kún pápá. Fàósátù, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní bàbá oníkùn kan láti Àfẹ́níù Kẹrin. Ó gbé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi orí ẹ̀ gbá férémù ilẹ̀kùn, bàbá tó yẹ kó dákú sì ké, "Yéè! Orí mi o!" Ọ̀gá Ògúnjìnmí fọn fèrè. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti dákú! Ẹ dákẹ́!" Sẹ̀kínátù rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Àwọn tó kù gbé tiwọn, àwọn kan yege, àwọn kan ò yege. Ó wá kan èmi.

Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi ní yàrá ẹ̀yìn ní òkè kẹta. Táyà àlòkù àti ewé tútù ni wọ́n ń jó nínú dúrọ́ọ̀mù kan ní ilé ìdáná. Ọ̀gá ṣí fèrèsé mi díẹ̀ kí n lè máa mí, ó ní, "Màmá, ẹ ti dákú. Ẹni tó dákú kì í sọ̀rọ̀." Mo ní mo ti gbọ́. Ó jáde. Mo ṣe gèlè mi dáadáa, mo dùbúlẹ̀, mo dákú.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn ẹ̀ látẹnu ọ̀nà. "Ṣé ẹnikẹ́ni wà níbí?" Ó ń rákò bọ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ara ògiri, torí èéfín ti dí ojú ilé. Ọwọ́ ẹ̀ kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ó gòkè wá, ó fi ọwọ́ kan sábẹ́ apá mi, ó fẹ́ gbé mi jù sórí èjìká bó ṣe máa ń gbé Alàgbà. Mo la ojú kan.

Mo ní, "Káyọ̀dé."

Ọwọ́ ẹ̀ dúró.

"Èmi ni. Ṣé èmi lo fẹ́ dà dé èjìká bí àgbò iléyá? Èmi ìyá Ẹ̀bùn?"

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Inú mi ń dùn, mo ní ọwọ́ mi ti bà á. Àfi bí atẹ́gùn ṣe yí padà lójijì. Gbogbo èéfín táyà yẹn wọ́ wá sínú yàrá wa, dúdú kirimu, ó gbá mi lẹ́nu, ó gbá mi nímú. Mo húkọ́, mo tún húkọ́, mi ò rí fèrèsé mọ́. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè fi ṣeré. Mo ní Olúwa, ṣé irú ikú tí mo fi ń ṣẹ̀fẹ̀ láàárọ̀ rèé?

Káyọ̀dé ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó yí padà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó lóṣòó. "Ẹ gun ẹ̀yìn mi, mà. Ẹ fún mi ní gèlè yín."

Mi ò bá a jiyàn. Mo fa gèlè mi tu, mo gun ẹ̀yìn ẹ̀, ó fi gèlè náà gbà mí ní ìdí, ó so ó mọ́ àyà ara ẹ̀ kí ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì lè máa wá ara ògiri. Ó pọ̀n mí. Ó dìde pẹ̀lú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, ó ń sọ fún mi lóhùn jẹ́jẹ́ ẹ̀ yẹn pé, "Ẹ di ọrùn mi mú, mà. Ó kù díẹ̀."

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Láti ìgbà tí ìyá mi ti sọ̀ mí kalẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹnì kankan ò pọ̀n mí mọ́. Mo pọ̀n àbúrò, mo pọ̀n ọmọ, mo pọ̀n ọmọ àbúrò, mo pọ̀n ọmọ aládùúgbò tí ìyá ẹ̀ lọ sọ́jà tí kò tètè dé. Ẹ̀yìn mi ni gbogbo wọn ti sùn. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ṣé ó rẹ èmi náà. Mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn ọrùn ọmọ yẹn, mò ń gbóòórùn èéfín àti ọṣẹ, ẹ má rẹ́rìn-ín o, oorun fẹ́ gbé mi lọ.

A jáde sójú oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni Sẹ̀kínátù tí mi ò ní dárí jì ké tantan pé, "Ẹ kú ewu ọmọ o! Ọmọ tuntun dé!" Gbogbo obìnrin Fẹ́sítáàkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin rẹ ọmọ. Mo fi ojú pamọ́ sí ọrùn Káyọ̀dé.

Ó sọ̀ mí. Ọ̀gá Ògúnjìnmí wá dúró níwájú wa, fèrè lẹ́nu.

"Fáṣínà, kí lèyí?"

"Mo ti gbé wọn jáde, sà."

"O pọ̀n ọ́n."

"Mo pọ̀n wọ́n, sà."

"Ṣé bí a ṣe kọ́ yín nìyẹn?"

"Rárá, sà."

"Fáṣínà, o ti féèlì."

Ohun tí mo fẹ́ náà ló ṣẹlẹ̀ yẹn. Ohun tí mo torí ẹ̀ wé gèlè. Mo la ẹnu láti sọ pé ọ̀gá, ẹ ṣeun, ohun tó jáde níbẹ̀ ya èmi alára lẹ́nu. Mo ní, "Ìwọ Ògúnjìnmí! Ta ló féèlì? Ṣé èjìká ni ìyá tìẹ gbé ọ kọ́ títí o fi dàgbà? Ṣé mi ò jáde ni? Ṣé òkú ni mo jọ lójú ẹ?"

Ọ̀gá náà kò bínú. Ó yọ fèrè lẹ́nu. Ó ní, "Màmá, ìyá mi pọ̀n mí lọ sọ́jà, kò pọ̀n mí nínú iná. Òkè ni èéfín máa ń lọ. Ẹni tí wọ́n bá pọ̀n, orí ẹ̀ ga ju ti ẹni tó pọ̀n ọ́n, inú èéfín gan-an ni imú ẹ̀ wà. Tí gèlè yẹn bá sì kọ́ irin àtẹ̀gùn, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa já lulẹ̀. Tó bá jẹ́ iná gidi ni, òkú yín ló máa sọ̀ síwájú mi yìí."

Mo ṣì ń húkọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé Káyọ̀dé ò sọ nǹkan kan. Ẹnu lásán ló máa ná an láti sọ pé ìyá yìí ló bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé, ìyá àfẹ́sọ́nà mi ni. Ọ̀gá ìbá gbọ́, bóyá wọn ìbá tún ìdánwò ẹ̀ ṣe. Kò sọ ọ́. Ó tú gèlè mi, ó gbọn èéfín ara ẹ̀ dànù, ó ká a, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún mi. Ó wá lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi láàárín èrò. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Bá a ṣe jọ sọ ọ́ náà ni." Ó kọrí sí ọ̀nà Alákijà. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀bùn wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Mo ti múra de igbe ẹ̀. Ọmọ náà ò sunkún. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Màmá, ẹ kú oríire." Tó bá jẹ́ pé ó gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.

Nílé, ọkọ mi bi mí ohun tí mo sọ fún ọmọ náà nínú èéfín. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ká ìwé ìròyìn ẹ̀, ó tún un tú, ó ní àdéhùn ni àdéhùn. Mo ní kó lọ fi òǹtẹ̀ lù ú. Bá a ṣe ń gbé nìyẹn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹun bí ẹni tó wà nílé òkú. Ẹ̀bùn ń dáhùn, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," "Rárá, mà," ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Ọbáfẹ́mi wá kí wa, ó gbàdúrà fún wa. Ó ṣì ń gbà á lọ́wọ́ nígbà tí mo dìde lórí eékún, mo mú ìborùn mi, mo jáde.

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ọ rí pé ìyá ìyàwó lọ tọrọ ọkọ. Ìdílé ọkọ ló ń wá, àwa là ń jókòó, àwa là ń ṣe bí ẹni pé a ò gbọ́. Èmi lòdì sí gbogbo ẹ̀, èmi nìkan, láìsí ẹ̀gbọ́n, láìsí alárinà, mo ń fẹsẹ̀ gbá eruku etí ọ̀nà Bàdágìrì lọ sí Alákijà, mo ń bú ara mi, mo ń bú Ògúnjìnmí, mo ń bú ẹni tó kọ́kọ́ dáná láyé.

Mo bá ìyá Káyọ̀dé lábẹ́ igi àgbọn, ó ń rin àgbọn sínú agbada láti fi se òróró. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mo dàgbà ju obìnrin náà lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin ni ìyá tí Káyọ̀dé pọ̀n?"

"Èmi ni."

"Hẹn-ẹn. Ó ní ẹ wúwo."

Mo gbé e mì. Mo kúnlẹ̀ sínú èèpo àgbọn níwájú obìnrin tí mo jù lọ. Ó fò sókè. "Haa! Ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni?"

Mo ní, "Mi ò dìde. Ọmọ yín ni mo wá tọrọ."

"Tọrọ báwo? Ṣebí àwa la máa wá—"

"Ẹ ò wá. Èmi ti wá."

Ohùn kan ti òkè wá. "Mà, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́." Mo gbójú sókè. Káyọ̀dé ló wà lórí igi àgbọn, àdá lọ́wọ́, ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo ní kó dúró kó kọ́kọ́ dá mi lóhùn.

"O mọ̀ pé o máa féèlì tó o bá pọ̀n mí?"

"Mo mọ̀, mà."

"Tó bá jẹ́ iná gidi ńkọ́?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ẹ̀rín ẹ̀. "Iná gidi, mà? Ẹ ò tíì ní sọ̀rọ̀ tán tí mo máa ti jù yín dé èjìká. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ máa bú mi lọ lójú ọ̀nà."

"Kí ló wá dé?"

Ó wolẹ̀. "Iná kọ́, mà. Táyà ni. Mi ò lè torí táyà fi ìdí yín han gbogbo Fẹ́sítáàkì. Wọ́n á tún ṣe kọ́ọ̀sì náà lọ́dún tó ń bọ̀. Tí mo bá dójú tì yín, kò sí kọ́ọ̀sì tí mo lè ṣe tẹ́ ẹ fi máa jẹ́ ìyá mi."

Mo sunkún. Mo sunkún gidi, lórí eékún mi, nínú èèpo àgbọn, ìyá ẹ̀ sì ń fi etí ìró ara ẹ̀ nù mí lójú. Mo fa Káyọ̀dé lọ́wọ́ títí òun náà fi lóṣòó síwájú mi.

Mo ní, "Kó àwọn èèyàn ẹ wá. Ẹ̀bùn ti di tìẹ."

"Sátífíkéètì ńkọ́, mà? Bàbá ní—"

"Bàbá ń bọ̀ wá gbọ́ tèmi. Dákẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Káyọ̀dé, lọ́jọ́ tí iná gidi bá wọlé yín, má pọ̀n ọmọ mi o. Má kí i, má bẹ̀ ẹ́, má wo ojú ẹnì kankan. Dà á dé èjìká. Jẹ́ kí orí ẹ̀ wà nísàlẹ̀, jẹ́ kí ìdí ẹ̀ kọjú sójú ọ̀run, kí gbogbo ayé rí i kí wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Kó ṣáà ti yè. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà." Ó gbójú sókè. "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

Mo wo ìyá ẹ̀. Mo wo òun náà.

Mo ní, "Dà mí dé èjìká, ọmọ mi."